Gbígba Ajá Ọdẹ Tó Ti Dàgbà Sílé: Ohun Tí Òfin Faransé Wí àti Ohun Tí Àwọn Ọdẹ Wa Mọ̀

Nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé, àwọn kan ti gba ajá sílé, àwọn mìíràn sì ń béèrè bóyá ó yẹ kí àwọn náà gbà á. Ní ilé ààbò ẹranko, èyí tí wọ́n ń pè ní refuge lọ́hùn-ún, kì í ṣe ọmọ ajá ni èèyàn sábà máa ń bá. Ajá àgbà ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ajá ọdẹ: wọ́n ti ní olówó rí, wọ́n ti wọ igbó rí, wọ́n sì ti di ẹni tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wọn mọ́.

Ìdí méjì ló mú wa kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ yìí níbi tí a ti ń kọ ìtàn àti àṣà. Èkíní, ẹni tó bá gba irú ajá bẹ́ẹ̀ láìmọ ohun tó ń ṣe, ó lè dá a padà lẹ́yìn oṣù kan, ajá náà á sì di ẹni tí a kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì, ìmọ̀ ajá ọdẹ jẹ́ ọ̀kan nínú ogún tí àwọn baba wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdáàṣà àti Ifẹ̀ Àná fi sílẹ̀. Bí igbó ṣe ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ náà ń tán lọ. Ìbéèrè tí àwọn ará wa ń béèrè ní Faransé fún wa láǹfààní láti tún un yẹ̀ wò.

Ajá nínú ogún wa

Ọ̀rọ̀ ọdẹ kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn wa. Ìtàn Kétu sọ pé ọdẹ ló ti mọ ibẹ̀ kí ọba tó tẹ ìlú dó, òun náà ló sì ṣíwájú àwọn tó ń bọ̀. Ní Brazil, láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé tó ń jẹ́ orúkọ Kétu, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, ni wọ́n ń pè ní ọba Kétu. Ibi tí ọdẹ bá sì wà, ajá kì í jìnnà síbẹ̀. Ajá ló ń gbọ́ òórùn ọ̀yà nínú koríko gíga, òun ló ń mọ ihò tí òkété sá wọ̀, òun náà ló ń gbó mọ́ ẹran títí ọdẹ á fi dé.

Òwe wa fi èyí hàn. A máa ń sọ pé ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. A sì tún máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ènìyàn ni a ń bá wí nígbà tí a bá pa àwọn òwe wọ̀nyí, ṣùgbọ́n inú igbó ni wọ́n ti wá. Èkíní sọ pé ajá kò dá agbára ní. Ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ti ń rí i. Èkejì sọ pé ohùn kan wà láàárín ajá àti olówó rẹ̀, bí ohùn náà bá sì já, ajá ti ṣègbé. Ẹni tó bá fẹ́ gba ajá àgbà sílé, ọ̀rọ̀ méjì yìí ló yẹ kó fi ṣe ìpìlẹ̀.

A kò ní fi apá kejì pamọ́. Ajá ni ẹran Ògún. Ẹni tó bá sọ pé Yorùbá kò mọyì ajá, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá sì sọ pé Yorùbá kò fi ajá bọ Ògún rí, kò sọ òtítọ́. Ohun méjèèjì wà pa pọ̀, torí pé ohun tó níye lórí ni a fi ń bọ òrìṣà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi ọmọ ẹgbẹ́ wa pé ṣé títọ́jú ajá nínú ilé kì í ṣe àṣà òyìnbó, ìdáhùn ni pé ajá ti ń sùn sí ẹnu ọ̀nà ọdẹ kí òyìnbó tó dé. Ohun tó jẹ́ tuntun ni ilé ààbò, ìwé àti òfin tó rọ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí àwọn ajá wọ̀nyí ti ń wá

Ní 1845 ni wọ́n dá Société Protectrice des Animaux, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SPA, sílẹ̀ ní Paris. Ní 1850 ni òfin Grammont jáde, tó fi ìjìyà lélẹ̀ fún ẹni tó bá fi ìyà jẹ ẹran ọ̀sìn ní gbangba. Ilé ààbò Gennevilliers, lẹ́bàá Paris, ṣí ní 1903. Lónìí SPA kò dá nìkan ṣe é. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké ló ní ilé ààbò tiwọn káàkiri orílẹ̀-èdè náà, àwọn kan sì ń gbà ajá sí ilé àwọn ìdílé tó yọ̀ǹda ara wọn títí olówó tuntun á fi jáde.

Ọ̀nà méjì ni ajá ń gbà dé ibẹ̀. Nígbà mìíràn, olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló mú un wá. Nígbà mìíràn, wọ́n rí i tó ń rìn kiri, wọ́n sì mú un lọ sí ibi tí ìjọba ń kó ẹran tó sọnù sí, tí wọ́n ń pè ní fourrière. Níbẹ̀, wọ́n á dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ kí olówó rẹ̀ lè wá a wá. Bí kò bá wá, wọ́n lè gbé ajá náà fún ẹgbẹ́ tó ní ilé ààbò.

Fún ajá ọdẹ, àkókò ọdún ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní Faransé, ìṣọdẹ máa ń ṣí ní oṣù kẹsàn-án, ó sì máa ń parí ní ìparí oṣù kejì. Lẹ́yìn náà, ọdẹ tí ajá rẹ̀ ń bẹ̀rù ìbọn, tàbí tí ajá rẹ̀ ti ń darúgbó, mọ̀ pé òun á bọ́ ọ fún oṣù mẹ́fà láìrí ẹran kankan. Àwọn kan a máa bọ́ ọ títí ó fi kú, torí pé ọdẹ tó mọyì ajá pọ̀ lọ́hùn-ún gẹ́gẹ́ bó ti pọ̀ nílé. Àwọn mìíràn a sì já a sílẹ̀.

Ní Sípéènì, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ajá tí wọ́n ń pè ní galgo, ajá tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí wọ́n fi ń lé ehoro ní pápá gbalasa. Nígbà tí Sípéènì ṣe òfin tuntun lórí ìtọ́jú ẹranko ní 2023, wọ́n yọ ajá ọdẹ kúrò lára àwọn tí òfin náà dáàbò bò. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ kan fi ń kó galgo àti podenco kọjá ààlà wá sí Faransé, kí wọ́n lè rí ilé gbé.

Mọ irú ajá tó wà níwájú rẹ

Kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo ajá ọdẹ ń gbà ṣọdẹ, ọ̀nà tí ajá ń gbà ṣọdẹ ni yóò sì máa hù níwà nínú ilé.

Àwọn kan jẹ́ ajá onímú: beagle, basset àti griffon. Wọ́n sìn wọ́n láti máa sáré ní ọ̀wọ́, kí wọ́n máa tọ òórùn ẹran lórí ilẹ̀, kí wọ́n sì máa gbó kí ọdẹ lè mọ ibi tí wọ́n wà. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ dá wà. Bí o bá ń lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, tí o sì ń gbé nínú ilé alájà púpọ̀, ohùn rẹ̀ á dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìwọ àti aládùúgbò. Bí ó bá sì gbọ́ òórùn ẹran lójú ọ̀nà, etí rẹ̀ á di.

Àwọn kejì ni ajá tó ń tọ́ka sí ẹyẹ: setter, braque àti épagneul breton. Bí ó bá gbọ́ òórùn àparò, á dúró gbagidi, á na imú síbi tí ẹyẹ wà, kò sì ní mira títí ọdẹ á fi dé. Ajá wọ̀nyí sábà máa ń fẹ́ràn ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ sáré púpọ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá yí ilé ká kò tó wọn.

Àwọn kẹta ni ajá olójú, bíi galgo àti greyhound. Ojú ni wọ́n fi ń rí ẹran, eré ni wọ́n sì fi ń mú un. Eré wọn lè ju kìlómítà 60 lọ ní wákàtí kan. Àwọn tí kò mọ̀ wọ́n máa ń rò pé ilé ńlá ni wọ́n ń fẹ́. Lóòótọ́, bí wọ́n bá ti sáré tán, oorun ni wọ́n máa ń sùn ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ológbò tàbí adìyẹ aládùúgbò tó bá sá lójú wọn, ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n kà á sí. A kì í tú irú ajá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbi tí kò sí ọgbà.

Ibí yìí ni àǹfààní ajá àgbà wà. Ìwà ọmọ ajá, a kò tíì mọ̀ ọ́n. Ti ajá àgbà ti hàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ààbò ti rí i bí ó ṣe ń ṣe sí ọmọdé, sí ajá mìíràn, àti sí ológbò. Bi wọ́n. Lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mú ajá náà rìn kí o tó pinnu, kí gbogbo ará ilé náà sì bá ọ lọ.

Ìwé àti òfin

Òfin tí Faransé ṣe ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2021 ti yí ohun púpọ̀ padà. Ẹni tó bá ń gba ajá fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé kan tó fi hàn pé ó mọ ohun tí ajá nílò àti iye tí ìtọ́jú rẹ̀ ń náni. Lẹ́yìn tó bá buwọ́ lù ú, ó gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ méje kí wọ́n tó lè fa ajá náà lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ méje náà wà kí inú rírọ̀ ọjọ́ kan má bàa di ẹrù ọdún mẹ́wàá. Òfin kan náà ló mú kí ìjìyà jíjá ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ gòkè dé ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àti owó ìtanràn 45,000 Yúrò.

Ajá tó bá jáde ní ilé ààbò gbọ́dọ̀ ní àmì ìdánimọ̀. Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré kan tó tóbi tó hóró ìrẹsì ni dókítà ẹranko máa ń fi abẹ́rẹ́ tì sábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀. Nọ́ńbà 15 ló wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà náà sì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní I-CAD. Rí i dájú pé wọ́n ti yí orúkọ olówó àtijọ́ sí tìrẹ. Bí o bá kó lọ sílé mìíràn tàbí tí o yí nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ padà, tètè lọ tún un ṣe níbẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ajá bá sọnù, wọn kò ní mọ ẹni tí wọ́n máa pè.

Ilé ààbò á béèrè owó lọ́wọ́ rẹ. Kì í ṣe iye owó ajá ni. Owó abẹ́rẹ́ àjẹsára, owó ẹ̀rọ ìdánimọ̀ àti owó iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́ ni wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bí ajá náà bá ti Sípéènì wá, béèrè bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àrùn leishmaniose, tí kòkòrò tín-ín-tín kan tó ń fò máa ń gbé kiri ní etí òkun Mẹditaréníà.

Ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù mẹ́ta

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ààbò máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni ìpayà ajá á fi rọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni á fi mọ ètò ilé, oṣù mẹ́ta ni á fi gbà pé ilé òun nìyí. Kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ni ní sùúrù.

Rántí pé ọ̀pọ̀ ajá ọdẹ kò gbé inú ilé rí. Àgọ́ ni wọ́n ti dàgbà. Àtẹ̀gùn lè dẹ́rù bà wọ́n, ilẹ̀kùn dígí lè rú wọn lójú, ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ sì lè lé wọn sábẹ́ tábìlì. Ẹni tó bá tọ̀ sílé lọ́jọ́ kìíní kò ṣe é láti mú ọ bínú. Wọn ò kọ́ ọ rí ni. Mú un jáde lẹ́yìn oorun, lẹ́yìn oúnjẹ, àti kí ilẹ̀ tó ṣú, kí o sì yìn ín nígbà tó bá ṣe é níta. Lílu ajá tí ìyà ti jẹ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan ju kó máa sá fún ọwọ́ rẹ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, má pe àlejò. Fún un ní igun kan tí ẹnikẹ́ni kò ní lọ dà á láàmú níbẹ̀, kí àwọn ọmọdé sì mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan ajá tó ń jẹun tàbí tó ń sùn. Níta, okùn tó gba àyà àti èjìká rẹ̀ kọjá sàn ju èyí tó wà lọ́rùn nìkan lọ, pàápàá fún galgo, torí pé ọrùn rẹ̀ fẹ̀ tó orí rẹ̀, ó sì lè yọ orí jáde wẹ́rẹ́. Kíyè sí ọjọ́ 14 oṣù keje, àyájọ́ orílẹ̀-èdè Faransé, nígbà tí wọ́n ń yin báńgà sí ojú ọ̀run: ajá tó ń bẹ̀rù ìbọn lè já okùn lọ́jọ́ náà. Tì í mọ́lé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kan wà tó kan àwa gan-an. Nílé wa, àjẹkù ni ajá ń jẹ, ọbẹ̀ wa kì í sì í ṣe aláìní àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà, tútù tàbí sísè, máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ṣokoléètì àti èso àjàrà náà jẹ́ májèlé fún un. Egungun adìyẹ tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóṣóró, ó sì lè gún un nínú. Bí o bá fẹ́ fún ajá ní ìpín tirẹ̀ nínú ìkòkò, bu ẹran àti ìrẹsì sọ́tọ̀ kí o tó gbé àlùbọ́sà sí i.

Orúkọ àti fèrè

Ibí yìí ni ìmọ̀ àwọn ọdẹ wa ti wúlò jù. Nínú àlọ́ tí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ ní kékeré, ọdẹ kan wà lórí igi nínú ewu, ó sì ń ké pe ajá rẹ̀ mẹ́ta ní orúkọ. Láti ilé ni wọ́n ti gbọ́, wọ́n sì sáré wá gbà á. Ẹ̀kọ́ inú àlọ́ náà kò ṣòro: ọdẹ ti so orúkọ ajá pọ̀ mọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé ṣáájú ọjọ́ ewu.

Ajá àgbà tó ti ilé ààbò wá lè ní orúkọ tí kò mú inú rẹ̀ dùn, tàbí kó má ní rárá. O lè sọ ọ́ ní orúkọ tuntun. Àwọn àgbà wa máa ń fi òwe sọ ajá lórúkọ, bíi Tanímọ̀la tàbí Ẹniafẹ́làámọ̀, kí wọ́n lè fi pe ajá kí aládùúgbò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìpè ojoojúmọ́, gé e kúrú: ajá máa ń tètè mọ orúkọ tó jẹ́ sílébù méjì. Máa pe orúkọ náà nígbà tí o bá ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. Má pè é nígbà tí o bá ń bínú. Èdè Yorùbá kò ní ṣòro fún un. Ìró ohùn ni ajá ń kọ́, ìyàtọ̀ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sì pọ̀ nínú èdè wa.

Lẹ́yìn orúkọ, kọ́ ọ ní fèrè. Fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan nínú ilé, fún un ní ẹran kékeré kan. Ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà nínú ọgbà, lẹ́yìn náà níta pẹ̀lú okùn gígùn. Fèrè kì í bínú, kì í sì í yí ohùn padà. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ajá tó bá mọ̀ pé ohun rere ń tẹ̀lé fèrè, ìyẹn ni kì í sọnù.

Bí o bá fẹ́ mú un wálé

Àwọn kan fẹ́ mú ajá wọn wá sí Àjàṣẹ́ tàbí Kétu fún ìsinmi. Mímú un wá kò le tó mímú un padà. Benin kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọkàn tán lórí ọ̀rọ̀ àrùn dìgbòlugi. Nítorí náà, kí o tó kúrò ní Faransé, jẹ́ kí dókítà ẹranko gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà ajá náà. Bí àbájáde bá dára, tí o kò sì jẹ́ kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kọjá, kò ní sí ìdádúró nígbà tí ẹ bá ń padà. Bí o kò bá ṣe é ṣáájú, ìyẹn ni pé Benin ni wọn á ti gba ẹ̀jẹ̀ náà, wàá sì dúró fún oṣù mẹ́ta gbáko kí ajá tó lè wọ Yúróòpù. Ìlànà kan náà ló wà fún ẹni tó bá fẹ́ mú ajá ilé wa lọ.

Nílé, oòrùn ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ajá kì í làágùn bíi ti ènìyàn. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni kó máa rìn. Máa wo etí àti abẹ́ apá rẹ̀ fún eégbọn lálaalẹ́.

Iṣẹ́ tó kù fún wa

Ẹni tó ń kọ́ ajá àgbà ní Lyon tàbí Bordeaux ń ṣe ohun tí àwọn ọdẹ wa ti ń ṣe tipẹ́tipẹ́: orúkọ, fèrè, ìpín nínú ẹran, sùúrù. Ìyàtọ̀ ni pé ó ń rí ìwé tó kọ́ ọ ní èdè Faransé, nígbà tí èyí tó wà lórí ọdẹ àgbà ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò tíì sí nínú ìwé kankan.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tó máa wálé pé kí ẹ jókòó ti àwọn ọdẹ àgbà tó wà nítòsí yín. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ àwọn ajá tí wọ́n ti ní, ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń sọ àti ẹni tí wọ́n fi ń bá wí. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe ajá, bí wọ́n ṣe ń lé e síwájú, bí wọ́n ṣe ń dá a dúró, àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún ajá tó ti darúgbó. Ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ sì kọ ọ́ ní ẹ̀ka èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, ẹ má ṣe yí i padà sí Yorùbá ìwé. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí wa. Ohun tí ẹ bá rí, a máa tò ó jọ, kí olùwádìí àti ẹni tó gba ajá sílé lè jọ lò ó.